Àwọ̀ Ewé Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọ̀ ewé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàámi, mo rò pé ojú mi ni. Mo nu awò ojú mi, mo tún un wò. Àwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà, aláwọ̀ sánmà ni. Bàámi rà á ní tuntun ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n tí kò mọ gbólóhùn wọn: "Ọkọ̀ yìí ò fara gbá igi rí, kò fara gbá èèyàn rí." Àlejò tó bá ti jókòó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọn á mú un lọ sí gáréèjì lọ gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé ìpàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ ń bọ̀, pé ẹ̀ka kan wà fún ọkọ̀ tó ṣì wà bó ṣe jáde nílé-iṣẹ́, wọ́n pè mí.

"Ìwọ tó o fẹ́ràn ohun tó ta kókó bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn iyọ̀, ìwọ ni kó o tún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe. Mo fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí ẹ̀ka yẹn kí n tó kú."

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bá a fà á. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nídìí iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n ń mú un dán jù. Àwọn adájọ́ ò fẹ́ dídán. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n tì í jáde ni wọ́n fẹ́. Bí ọ̀dà bá ti ṣàn sílẹ̀ lára irin lọ́jọ́ náà, ó gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣàn. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ohun tí wọ́n fi ń de róbà omi, nítorí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà sọ pé wáyà ni wọ́n ń lò lọ́dún náà, kì í ṣe irin pẹlẹbẹ.

Tí èèyàn bá sì fẹ́ mọ àwọ̀ àkọ́kọ́, ṣe ni yóò fi sáńpépà họ ojú kékeré kan tí kò ju ẹyọ owó lọ, títí àwọn ìpele ọ̀dà á fi yọ bí òrùka inú igi. Mo họ apá ọ̀tún: àwọ̀ sánmà, lẹ́yìn náà ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà irin. Ó bá ìwé mu. Mo họ apá òsì: àwọ̀ sánmà, àwọ̀ ewé, ọ̀dà ìpìlẹ̀ eléérú, irin.

Orí mi dàrú. Ṣé ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ wọn nílé-iṣẹ́ ni? Ṣé wọ́n ṣì í kùn ni? Mo yẹ ìwé wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí àwọ̀ ewé kankan lọ́dún yẹn. Mo lọ bá bàámi.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti tún ọkọ̀ yìí kùn rí?"

"Kùn ún? Kí ló ṣe é? Yunifásítì ti ba ojú ẹ jẹ́. Lọ nu awò ẹ."

"Mo ti nù ún, sà."

"Tún un nù."

Mo padà, mo wá ń ka ojú ibi tí irin ti so mọ́ irin. Lápá ọ̀tún, àmì jíjó kéékèèké ló wà níbẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí bọ́tìnnì ẹ̀wù: iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Lápá òsì, mo yọ òjé dúdú tí wọ́n fi bo ojú irin, mo bá ìlà jíjó gígùn kan bí àpá iṣẹ́ abẹ. Ìparí rẹ̀ rọ́ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń parí irin jíjó báyẹn: àbúrò bàámi, páńẹ́lì-bítà, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré.

Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló yọ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo na fọ́tò tó wà lórí fóònù mi sí wọn nísàlẹ̀.

"Ta ló ní kó o họ ibẹ̀?"

"Bàámi ní kó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

"Tẹ́lẹ̀ èwo?"

"Ṣé tẹ́lẹ̀ ju ẹyọ kan lọ ni, sà?"

"Lọ bi ìyàwó wa," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ wọn wọlé bí ìjàpá. Màámi ni wọ́n ń pè ní ìyàwó wa.

Màámi ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Mo gbé fọ́tò náà síwájú wọn. Wọn ò gbé ojú sókè.

"Bàbá ẹ lọ kọ́ṣẹ́ nígbà kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Mo ní kí n kọ́ ọkọ̀ wíwà kí wọ́n tó dé, kó lè yà wọ́n lẹ́nu. Ọkọ mi kékeré ló ń kọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, òpó géètì kọ̀, kò yà fún mi."

Bàbá Kékeré gé iwájú ọkọ̀ kan tó ti kú, aláwọ̀ ewé, wọ́n fi rọ́pò apá òsì. Bàámi dé, wọ́n yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń dúpẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe é.

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà," màámi wí. "Ọpẹ́ yẹn ló pọ̀ jù."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò sùn dáadáa. Mo lè bo ìlà yẹn. Kí n lọ̀ ọ́, kí n lu àmì bọ́tìnnì sí i, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ṣùgbọ́n bàámi ló máa buwọ́ lùwé pé wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan, bí adájọ́ olójú àṣá bá sì rí i, gbangba ìpàtẹ ni wọ́n ti máa dójú tì wọ́n. Bí mo bá sì sọ ọ́, màámi ńkọ́? Ìṣirò tí mi ò rí ojútùú ẹ̀ rí nìyí.

Ní Sátidé, bàámi gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́. Bàbá Kékeré náà wà níbẹ̀.

"Ìbéèrè kẹjọ," mo kà á. "Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ irin ara ọkọ̀ yìí rí?"

"Kọ 'rárá'. Fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́."

Ọwọ́ mi ò gbéra. Bàbá Kékeré tẹ̀ ba, wọ́n ń wá ohun tí kò já bọ́ nílẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé bírò ò kọ ni?"

"Ó ń kọ, sà."

"Kọ 'bẹ́ẹ̀ ni'," màámi sọ láti ẹnu ọ̀nà.

Bàámi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ! Kí lo mọ̀ nípa ọkọ̀?"

"Mo mọ òpó géètì. Èmi ni mo fi ọkọ̀ yín lù ú. Àbúrò yín ló tún un ṣe. Ọmọ yín ló rí i."

Bàámi wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Èmi ò tíì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ níbẹ̀, sà," mo wí. Bàbá Kékeré ta mí nípàá.

Bàámi dìde, ó di gáréèjì, a tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fúnra wọn gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ìka kan ojú ọ̀tún, wọ́n fi kan ojú òsì, wọ́n tún padà sí ọ̀tún. Mo ń retí ariwo. Ojú ẹni tó ń wá ojútùú ìṣirò ni mo rí lára wọn, bíi tèmi láti ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

"Èwo ni mo rà nínú méjèèjì?"

"Ti ọ̀tún, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n yíjú sí màámi. "Ṣé o fara pa?"

"Orúnkún ni."

"Èyí tó o ní o fi gbá àtẹ̀gùn?"

"Òun náà ni."

Bàámi jókòó sórí táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rán wọn létí pé bí a bá kọ 'bẹ́ẹ̀ ni', ẹ̀ka yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

"Mo gbọ́. Kọ ọ́. Àlàyé ńkọ́, ìlà mélòó ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un?"

"Méjì, sà."

"Kò lè tó. Lọ mú ìwé wá." Wọ́n fa àpótí kan súnmọ́ ara wọn fún màámi. "Ó yá, jókòó. Bẹ̀rẹ̀ látorí òpó géètì."