Bíà Nìkan

Láti ìgbà tí kílọ́ọ̀bù tí Yéwándé ti ń gbé ọtí fún àwọn olùkọ́ nínú ọgbà yunifásítì ti kógbá wọlé ni kò ti rí iṣẹ́ gidi kan ṣe mọ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni kí bíà tutù dáadáa, kí ife mọ́, kí èèyàn sì fọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sin oníbàárà tó ti yó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó wòréré tí kò rí ibi tí yóò yà sí, ó palẹ̀ yàrá iwájú ilé bàbá wọn l'Ókè-Ògbó mọ́, ó kun ún ní ọ̀dà, ó kó àga sí i. Ó ní òun náà yóò ta bíà.

Ṣùgbọ́n bíà nìkan. Kò fẹ́ jíìnì, kò fẹ́ páràgà, kò fẹ́ ọtí inú ọ̀rá. Ẹni tó bá ń bá Lágúnjú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé inú ilé kan náà, kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ nípa ọtí líle. Káfíńtà tí wọ́n ń wá wá láti Modákẹ́kẹ́ ni Lágúnjú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ débi tí yóò kan ìṣó kan ṣoṣo.

Aládùúgbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìjọba ìbílẹ̀ tó fúnni láṣẹ láti ta ọtí. Bàbá Awóníyì, tí ògiri ilé rẹ̀ kan ti ilé bàbá Yéwándé, kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Yéwándé kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro ó.

“Bàbá, ẹ mọ̀ mí láti kékeré. Tẹ́ ẹ bá rí ọtí líle níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ fọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn pa.”

“Ìwọ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù,” ni bàbá wí. “Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń wò.”

Síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku kí wolé-wolé yẹ ibẹ̀ wò. Fàrídà ni orúkọ obìnrin tí wọ́n rán wá, ọ̀dọ́mọbìnrin tó fi híjáàbù borí dáadáa, tó sì mọ bí wọ́n ti ń kí àgbà. Ó wo ṣáláńgá, ó wo fíríìjì, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn.

“Ẹ mà tún un ṣe o, mà,” ló wí.

Inú Yéwándé ń dùn bọ̀. Ni Fàrídà bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ káńtà, ó sì fa páálí kan síta. Ọtí inú ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti tà á dé ìdajì.

“Mà, ṣebí bíà nìkan lẹ ní ẹ fẹ́ tà?”

“Bíà nìkan ni.”

“Ta ló wá ni èyí?”

Kí Yéwándé tó lanu, Lágúnjú ti jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

“Èmi ni mo kó o síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń rà á láti ìjẹta. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ èèyàn ti mọ ibí kí àbúrò mi tó ṣí i.”

Fàrídà ò lè wo ojú Yéwándé mọ́. Ó ní ilé tí wọ́n bá ti ta ọtí kí àṣẹ tó jáde, ọ́fíìsì kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ mọ́, àfi lẹ́yìn ọdún méjì, ìbáà jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi wá.

“Ká ní mi ò rí i ni, mà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i.”

Yéwándé dé ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kejì. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un, wọ́n tiẹ̀ fún un lága. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ Bàbá Awóníyì. Bàbá ò bínú, kò sì pariwo. Ó kàn ní kódà tí ọdún méjì bá pé, kí ó má wá òun wá mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́yìnkùlé.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló dé tẹ́ ò bi mí?”

“Mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni.”

Yéwándé mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ká ní ìkà ló ṣe é ni, ì bá bá a jà. Ká ní ilé tirẹ̀ nìkan ni, ì bá lé e jáde. Ṣùgbọ́n ilé bàbá àwọn méjèèjì ni, ọmọ ìyá ẹni kì í sì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Lágúnjú bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn kò ṣàjèjì sí Yéwándé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnu Lágúnjú tún ti ń rùn fún ọtí.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Lágúnjú dé, wọ́n jókòó sórí àga inú ṣọ́ọ̀bù.

“Ìyá oníbíà, ẹ ò tíì ṣí ni?”

“Mi ò ní ṣí.”

“Ó dáa. Àwa á ṣáà jókòó.”

Wọ́n kọjá sí ìsọ̀ òdìkejì títì, wọ́n ra ọtí ọ̀rá tiwọn, wọ́n sì padà wá mu ún níbẹ̀. Àárín wọn ni Lágúnjú wà. Yéwándé fẹ́ lé wọn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbá ọ̀rá tí wọ́n fi sílẹ̀ jọ, ó dà á nù. Nírọ̀lẹ́, wọ́n tún dé.