Ìwé Àṣẹ Jíńádù

Inú ilé bàbá rẹ̀ ni Oyèbọ́lá bá ara rẹ̀, èyí dá a lójú, ṣùgbọ́n ilé náà kò ṣe bí ilé. Àtẹ̀gùn tó ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sísàlẹ̀ kò ju mẹ́rìnlá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ yìí, ó ń sọ̀ ọ́, ó ń sọ̀ ọ́, kò dé ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti oòrùn, tí kì í sì í ṣe ti iná, kò sì sí òjìji lára ohunkóhun. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ níkẹyìn, iyanrìn tútù ló tẹ̀, àfi bí ẹni pé wọn kò tíì parí ilé náà. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù gba gbogbo pálọ̀ kan.

Ẹ̀rù bà á. Kò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ẹ̀rù náà pọ̀.

Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti sin ín, òun tí gbogbo Ìkìrun mọ̀ sí Bàbá Bíríkìlà. Ṣòkòtò kákí tó fi ń ṣiṣẹ́ ló wọ̀, èyí tí orúnkún rẹ̀ ti ya, eruku sìmẹ́ńtì sì bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Àsàbí," ó rọra pè é ní oríkì rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ káàbọ̀, sà." Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Bí òkú yín bá yọ sí yín lójijì, kí lẹ̀yin náà máa bi í?

Bàbá kọjú sí ògiri. Iṣẹ́ tó máa ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kó tó wẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ló bẹ̀rẹ̀: ó ń fi oríkèé ìka kan ògiri, ó sì ń fetí sí i. Bó ṣe máa ń yí gbogbo ilé ká nìyẹn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá tún ti ń kí ògiri. Òun náà á ní ẹni tó bá kọ́ ilé gbọ́dọ̀ máa bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ògiri tí ara rẹ̀ bá le á dáhùn "gbì". Èyí tí inú rẹ̀ bá ti ń ṣófo á dáhùn "kó".

Ó kan ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gbì. Ó kan ti ẹnu ọ̀nà. Gbì. Oyèbọ́lá ń tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń dúró de dókítà kó sọ̀rọ̀. Wọ́n dé ìdí ògiri àárín, èyí tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Bàbá kàn án. Kò dáhùn. Ó gbé etí lé e, ó tún un kàn.

Ẹnìkan kàn án padà láti inú ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí ná, kí n sọ ọ̀rọ̀ ògiri yìí fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí òógùn fi bo Oyèbọ́lá lójú oorun. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Màmá rẹ̀ ń gbé, ẹsẹ̀ Màmá sì ti kọṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ohun tí ọmọ rẹ̀ rò ni pé kí wọ́n wó ògiri náà, kí pálọ̀ àti yàrá ẹrù di yàrá ńlá kan, kí Màmá lè máa gbé nísàlẹ̀, kó máa rí afẹ́fẹ́, kó máa rí ènìyàn. Èrò rere ni. Ó pe agbaṣẹ́ṣe kan tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, Ẹnjiníà Akínrìnádé. Ọkùnrin náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọn èyí, ó wọn tọ̀hún, ó wá ní òun kò ní fọwọ́ kan ògiri àárín títí òun yóò fi mọ ohun tó gbé, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi òpó irin ti òkè náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Ìyẹn kò bí Oyèbọ́lá nínú. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló bí i nínú: "Ta ló kọ́ ilé yìí? Ṣé ó kàwé iṣẹ́ yìí ni?"

Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ìdajì ìlú! Oyèbọ́lá sin Ẹnjiníà dé ẹnu géètì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín tí kò dé ojú, ó sì ránṣẹ́ pe Jíńádù.

Jíńádù lọmọ iṣẹ́ tí Bàbá gbà kẹ́yìn. Ó wo ògiri náà lẹ́ẹ̀kan péré. "Àǹtí, wọ́n kàn fi pín yàrá ni, kò gbé nǹkan kan. Lọ́la ni màá bẹ̀rẹ̀." Ìwé fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ wà nínú férémù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orúkọ Bàbá Bíríkìlà ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bàbá ló kọ orúkọ náà síbẹ̀. Ó ku ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí Jíńádù parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tí Bàbá kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá ọmọ náà wá, ó ń sunkún pé ta ni yóò tú ọmọ òun sílẹ̀ báyìí. Àánú ṣe Oyèbọ́lá, ẹkún tirẹ̀ náà kò sì tíì gbẹ. Òun ni àkọ́bí. Ó gbé irin tí Bàbá fi ń rẹ́ ògiri lé Jíńádù lọ́wọ́, ó ṣàdúrà, ó sì buwọ́ lu ìwé ní orúkọ bàbá rẹ̀. Gbogbo ilé ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, kò tún ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ó dáa. Ẹnìkan kan ògiri láti inú.

Ó kọ́kọ́ rọra kàn án. Ó tún kàn án, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, eruku já láti òkè sórí Oyèbọ́lá, ó wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìgbà yìí ni Bàbá tó yíjú sí i, Oyèbọ́lá sì rí i pé ẹ̀rù ń ba bàbá òun. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé, kódà lọ́jọ́ tí àga iṣẹ́ tó dúró lé já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lókè.

"Bàbá, ta ló wà nínú rẹ̀?"

"Jíńádù ni." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ta ló tú ọmọ yìí sílẹ̀, Àsàbí?"

Oyèbọ́lá la ẹnu, iyanrìn ló kún un. Kò lè pọ̀ ọ́, kò lè gbé e mì.

"Gbé ìyá rẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Bàbá wí. Kò bínú, ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́. Gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Gbì!

Oyèbọ́lá lajú. Orí ẹní ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, níbi tó sùn sí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Oòrùn wà lójú fèrèsé. Ó fẹ́ dúpẹ́ pé àlá ni, ni ilẹ̀ tó sùn lé bá mì lábẹ́ rẹ̀. Gbì! Omi inú ife Màmá ń gbọ̀n.

"Kí ni wọ́n ń fọ́ nísàlẹ̀ látìgbà tó o ti sùn?" Màmá béèrè.

Lọ́la ni Jíńádù ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò dúró di ọ̀la, òní ló dé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé e. Kò sí àṣẹ Bàbá nínú férémù yẹn. Ọwọ́ Oyèbọ́lá fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun tí kò lè to búlọ́ọ̀kù kan lé orí èkejì, ọwọ́ náà ló sì fi ìyá rẹ̀ lé.

"Màmá, ẹ dì mọ́ mi lẹ́yìn."

"Ṣé iná ni?"

"Ẹ ṣáà dì mọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló ń retí pé yóò já lábẹ́ òun. Ìgbà tó gbé Màmá kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ló tó mí. Òòlù ti dákẹ́ nínú ilé, ìdákẹ́jẹ́ náà sì burú ju ariwo lọ. Ó lọ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

Ihò tó ti wà lára ògiri tó ènìyàn méjì gbà kọjá. Lára àjà, ìlà kan ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà fèrèsé, ó sì ń gùn sí i lójú rẹ̀. Jíńádù fi ẹ̀yìn ti ìyókù ògiri, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ má wọlé o!"

"Jíńádù, kúrò níbẹ̀!"

"Tí mo bá kúrò, á wá." Omijé ń ya eruku ojú rẹ̀. "Bàbá ò tíì kọ́ mi dé ibí, Àǹtí. Wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Oyèbọ́lá lára. Ṣùgbọ́n kò sí àyè ẹkún. "Ẹ̀yìn rẹ kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Sá máa bọ̀. Mo ní kó o sá máa bọ̀!"

Jíńádù sá jáde. Nǹkan kan ké nínú ilé, ó ké fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ilé náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye wákàtí tí yóò fi dúró. Oyèbọ́lá tẹ nọ́ńbà Ẹnjiníà Akínrìnádé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà kò dá a lẹ́bi, kò sọ pé ṣé òun kò wí. Ó béèrè bóyá ènìyàn kankan kù nínú ilé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, òun ń kó òpó irin bọ̀.

"Màdáámù," ó wá fi kún un, "ta ló fún agbaṣẹ́ṣe yín ní ìwé àṣẹ?"

Jíńádù tẹrí ba, ó ń dúró de ẹ̀bi tirẹ̀. Màmá ń wo àwọn méjèèjì láti abẹ́ máńgòrò.

"Èmi ni," Oyèbọ́lá wí. "Èmi ni mo fún un."