Wákàtí Mẹ́rìndínlógún tó Ku Ardis Haugland

Loren Pfeifer kò tilẹ̀ ka fáìlì náà dé ìdajì tó fi tì í padà sórí tábìlì. Fáìlì ọ̀hún yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó kọlu ife Ardis Haugland, kọfí sì ta sí i lápá aṣọ.

"A ò gbà á," ni Loren wí.

"Ẹ ò gba èwo?"

"Ogójì wákàtí tó o lọ jókòó sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Duluth nígbà ooru. O ò gba àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kó o tó lọ. Ẹni tí ò gbàyè, kò lọ ibì kankan lójú tiwa."

Ardis fi apá aṣọ kejì nu kọfí náà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì mú bí ayùn. "Loren, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní sáyẹ́ǹsì. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í gbàyè lọ́wọ́ rẹ ká tó kàwé?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe alága."

Ní Minnesota, ìwé àṣẹ tíṣà kì í ṣe ohun téèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan tí á fi dàgbà. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni tíṣà ń tún un gbà, yóò sì fi hàn pé òun ti fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, wákàtí ọgọ́fà ó lé márùn-ún. Ìgbìmọ̀ àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwé rẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá yọ ogójì yìí kúrò, wákàtí mẹ́rìndínlógún ni yóò kù kí ti Ardis tó pé. Oṣù kẹrin ni wọ́n wà yìí. Bí oṣù kẹfà bá parí, ìwé rẹ̀ kú.

"Ẹ jẹ́ ká dìbò," ni Loren wí, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Tíṣà eré ìdárayá gbé tirẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri. Ó ku Marlys Quist tó ń kọ́ àwọn jẹ́lé-ó-sinmi. Ardis ló kọ́ Marlys nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, òun náà ló kọ lẹ́tà tí Marlys fi rí iṣẹ́. Marlys wo Ardis, ó wo Loren, ó wá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ họ etí.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ardis wí. Ó kó fáìlì rẹ̀, ó jáde.

Ìjà òun àti Loren ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Loren, tó ń kọ́ni ní ìtàn, ló tún ń darí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín. Lọ́dún tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ẹ́ dé ìdíje ìpínlẹ̀, Ardis fún aṣọ́lé wọn ní òdo nítorí ó jí ìwé ẹlòmíràn wò nínú ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì gba òdo kò gbọdọ̀ wọ pápá. Góòlù méje ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Loren wọ kíláàsì Ardis, ó sọ níwájú àwọn ọmọ pé obìnrin tí inú rẹ̀ ò dùn rí kì í fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni dùn. Ardis ní kó jáde lọ ka ìwé tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá wọ yàrá àwọn tíṣà, èkejì á gbé ife rẹ̀ á bá tirẹ̀ lọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ní àyè kí oṣù kẹfà tó parí wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní St. Cloud, Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, wákàtí mẹ́rìndínlógún géérégé. Ìdí tó fi ní àyè ò ṣòro. Sátidé tí wọ́n ń ṣí àwọn adágún fún ẹja pípa ni wọ́n fi í sí. Ní Minnesota, ọkọ ìyàwó tó bá lọ́gbọ́n lórí kì í fi ìgbéyàwó sí Sátidé yẹn.

Ardis débẹ̀ ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méje àárọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ni Loren, tó tẹ̀ sórí ìwé ìbuwọ́lù lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó buwọ́ lu àárọ̀ Sátidé, ó buwọ́ lu ọ̀sán. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó buwọ́ lu àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó buwọ́ lu ọ̀sán rẹ̀ náà. Ó dé fìlà tó fi ìwọ̀ ẹja há lára, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Ardis tẹ̀ lé e dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ ojú omi ti wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó ti so ó pinpin.

"Loren! Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, o ti gbọ́n tán?"

Loren yíjú padà. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó wá tún gbé àyà síwájú. "Lọ jókòó, Ardis."

"O buwọ́ lu ọjọ́ Àìkú. Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ò tíì mọ́."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ó dáa. Mú fáìlì rẹ wá lọ́jọ́ Ajé. A óò tún ogójì yẹn wò. Ìwọ náà ò rí mi níbí."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, Ardis ìbá gbà. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un níbì kan.

"Nítorí náà o mọ̀ pé ogójì yẹn dára. Láti oṣù kẹrin lo ti mọ̀."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Lọ bá ẹja rẹ. Àwọn nìkan ló kù tí ò tíì mọ irú èèyàn tó o jẹ́."

Loren ṣílẹ̀kùn mọ́tò. "Sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù ọ́. Ta ló fẹ́ gbà ọ́ gbọ́, ìwọ tí kò sẹ́ni tó ń bá ọ jókòó jẹun?"

Ó wa mọ́tò lọ. Ardis padà sínú gbọ̀ngàn. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń bá a jókòó jẹun.

Ó jókòó fún ọjọ́ méjèèjì, kò dìde àfi fún ilé ìtura. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó ń ju bọ́ọ̀lù òwú kiri, ẹni tó bá gbá a mú ni yóò sọ ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn nínú iṣẹ́ tíṣà. Nígbà tó kan Ardis, ó ní, "Ìsinmi." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìwé ìròyìn ìlú jáde. Loren wà lójú ewé kẹta, ó gbé ẹja wọ́láì kan tó gùn tó apá èèyàn dání, òun àti ẹja la ẹnu sílẹ̀ bákan náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Adágún Tornquist ló ti pa á, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Ardis mú àlùmọ́gàjí, ó gé e jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí àwọn ọmọ ṣe tú ká, Marlys wọ kíláàsì rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Mísìsì Haugland, wọ́n ní ẹ fẹ́ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́."

"Àpòòwé rẹ̀ nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá yẹ ìwé ìbuwọ́lù yẹn wò, wọ́n á rí èmi náà. Èmi náà wá sí St. Cloud. Mo buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Àìkú, mo sì kúrò níbẹ̀. Màmá mi ṣubú ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n pè mí. Oṣù kẹfà yìí ni ìwé tèmi náà máa kú."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn pé o ń lọ?"

"Ẹ̀rù bà mí. Wọn ì bá gé wákàtí mi."

Ardis lá ẹnu àpòòwé náà, ó tẹ̀ ẹ́ pa. "Ní oṣù kẹrin, nígbà tó o gbọ́wọ́ sókè, ṣé wákàtí tèmi wá sí ọ lọ́kàn?"

"Ẹ mọ bí Loren ṣe rí. Mi ò lè…"

"Mo mọ bó ṣe rí. Báwo ni ìwọ ṣe rí ni mi ò mọ̀. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí."

Ojú Marlys pọ́n. "Tíṣà mi lẹ jẹ́," ló sọ, ó sì jáde. Ardis fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà ni èsì dé. Àwọn olùṣètò náà ti kó gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí tábìlì jọ, wọ́n fi wé ìwé ìbuwọ́lù. Nínú ogójì èèyàn, mọ́kànlá ló buwọ́ lù ú láìjókòó. Nítorí náà, ni lẹ́tà wí, ìwé náà kò ṣeé gbára lé mọ́ rárá, a sì ti fagi lé wákàtí gbogbo àwọn tó wá. Ardis kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà. Nígbà náà ló jókòó.

Ní ilé ìwé, àwọn tó ń kí i tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ wá rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó bá orí ẹja tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ "Ẹ KÚ ÌṢỌ́" sí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó já a sílẹ̀, ó gbé e sórí àwo, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ bí ẹja ṣe ń mí. Ẹ̀kọ́ náà dùn. Ìgbà tí àwọn ọmọ lọ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀kùn náà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Ó pe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ó ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu ló gbé fóònù, Ardis sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un láti oṣù kẹrin.

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ gbàyè kẹ́ ẹ tó lọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mà?"

"Alága ìgbìmọ̀ wa."

"Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣé ẹ ní ìwé èsì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́wọ́?"

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá."

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A óò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yín. Ẹ̀ bá ti pè wá láti oṣù kẹrin."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù náà parí nígbà tí ìwé àṣẹ rẹ̀ dé, ọdún márùn-ún gbáko. Ardis gbé e sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn sọ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìpè kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò pè nítorí kì í ṣe wákàtí ló ń wá. Láti oṣù kẹrin, bí òun ṣe máa mú Loren ló ń wá.

Wọ́n yọ Loren kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ìyẹn nìkan ni. Ìwé tirẹ̀ ṣì ní ọdún kan, ó sì ní àkókò láti wá wákàtí mìíràn. Nígbà tó bá Ardis pàdé nínú ọgbà ilé ìwé, ó ní, "Inú rẹ dùn báyìí?"

"Kò kàn ọ́," ni Ardis wí.

Ṣùgbọ́n ìwé Marlys kú. Wọ́n gba kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà mìíràn títí wákàtí rẹ̀ yóò fi pé, owó oṣù rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ní àárín oṣù keje, Ardis wa mọ́tò lọ sílé rẹ̀. Ó mú ìwé kan dání, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò wáyé ní Bemidji ní oṣù kẹjọ. Ó ti pe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò gbà á. Ó kan ilẹ̀kùn. Marlys ṣí ilẹ̀kùn inú nìkan, ó fi ti òde tí wọ́n fi àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe sílẹ̀ ní títì.

"Mo rí ibì kan tó o ti lè gba wákàtí rẹ," ni Ardis wí. "Mo lè fi mọ́tò gbé ọ lọ. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni."

"Mo ní mọ́tò."

"Báwo ni màmá rẹ?"

"Wọ́n ti sin ín," ni Marlys wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ardis rọra gbé ìwé náà wálẹ̀. "Marlys, mi ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ta ni kó sọ fún yín?" Marlys na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn àwọ̀n, ó tún fà á padà. "Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ síbẹ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ardis gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wá òkúta kékeré kan nínú ọgbà òdòdó, ó gbé e lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, ó sì padà sínú mọ́tò rẹ̀.