Fọ́mánì Tí Kò Gbọdọ̀ Ní "Sà" Lẹ́nu

Ọdún mọ́kànlá ni Nùrẹ́nì ti ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé iṣẹ́ kan lọ́nà Ilo-Awela, ipò fọ́mánì ló sì ń gbàdúrà sí. Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé láti ìlú àwọn òyìnbó Dọ́ọ̀ṣì, Piet lorúkọ rẹ̀, tó ní ẹni tó bá máa ṣe fọ́mánì gbọ́dọ̀ lè pe òun lórúkọ láìfi "sà" kún un, kó sì lè sọ àṣìṣe òun lójú òun. Ẹ gbà mí! Nùrẹ́nì ọmọ Ọ̀yọ́, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ bó bá ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù!

Nílé wọn ní Joju, Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ṣe bí òyìnbó kí ọkọ rẹ̀ lè fi kọ́ra. "Ó yá, ẹ pè mí."

"Piet," ni Nùrẹ́nì wí. Ó tẹrí ba. "Sà."

Àṣàbí pòṣé. "Ẹ máa pẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn o, bàbá Oyèbọ́lá."

Lọ́jọ́rú, Piet ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ewu, ó sì ń fẹ̀yìn rìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà pupa wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò já lu ọ̀rọ̀ ọ̀gá?

"Excuse me sà," ni Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀, "abeg no vex sà, if e no go disturb you sà..."

Ó ku ìṣísẹ̀ kan.

"Piet! Stop!"

Piet dúró gbagidi. Ìtìjú mú Nùrẹ́nì, kò mọ ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Piet rò pé nǹkan kan ló ń fò bọ̀ lókè, lòun náà bá da àyà délẹ̀. Háà! Ọ̀gá wà nílẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ wà lóòró? Ni gbogbo ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀, tí gbogbo obìnrin kúnlẹ̀. Wọ́n ń retí kí ọ̀gá dìde, ọ̀gá ń retí kí Nùrẹ́nì dìde, Nùrẹ́nì kò sì lè dìde láìjẹ́ pé àgbà ní kó dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko!

Nígbà tó yá, Piet rọra bi í pé kí ni kí àwọn ṣe.

"Anything you talk, sà."

Piet ní òun kò mọ̀. Nùrẹ́nì rántí ipò fọ́mánì, ó gbójú sókè.

"Piet, get up. Na you cause am."

Piet fò dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sọ ọ́ di fọ́mánì lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti òní lọ, orúkọ lásán ni kí wọ́n máa pe Nùrẹ́nì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rose, òṣìṣẹ́ kan tí kò ju àkọ́bí Nùrẹ́nì lọ lọ́jọ́ orí, sáré dé: "Nùrẹ́nì! Ẹ̀rọ kejì ń da ike gbígbóná sílẹ̀!"

Nùrẹ́nì ń wo òrùlé.

"Nùrẹ́nì!"

Ike ń ṣàn. Fọ́mánì ṣì ń wo òrùlé. Ìgbà tí Rose kúnlẹ̀, tó ní, "Bọ̀dá Nùrẹ́nì, ẹ jọ̀ọ́," lọkùnrin náà tó yíjú sí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"