Ọjọ́ Tí Bọ̀ọ̀dá Adékọ́lá Sin Ẹ̀sẹ́ńkò

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé irin ni mò ń mú jà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o lọ́kọ?" Mo lọ́kọ. Ó ń bẹ nílé, ó ń tẹ ẹ̀bà. Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ mi sọ.

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Mowo, lọ́nà Àgbádárìgì, kí ìjọba ológun tó ní kò sówó nílùú mọ́, tí wọ́n gbọn àwa tíṣà dànù bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára ẹní. Ó dùn mí o. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tí mo sunkún tán, mo lọ wo eré ẹgbẹ́ ọ̀gá Gbọ́lágadé ní gbọ̀ngàn ìlú, torí bí èèyàn ò bá níṣẹ́, ó yẹ kó ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Níbi eré, wọ́n gún ọba lọ́bẹ, ohun tó sì jáde lára ọba ni tòmátò tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata. Mo rí kóró ata lára aṣọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọba tó ti kú gbórí sókè wò mí. Lẹ́yìn eré, ọ̀gá Gbọ́lágadé tó ni ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́ pè mí.

"Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣé ìwọ lè ṣe ẹ̀jẹ̀ ni?"

Mo ní mo lè ṣe é. Mo se ìsápá pupa, mo fi ògì mú un ki díẹ̀, mo dì í sínú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n tún gún ọba, ìyàwó rẹ̀ gan-an, ìyàwó ilé, ló sáré gun orí pèpéle, tó ń ké pe àwọn ẹbí wọn. Báyìí ni mo ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ títan ojú jẹ.

Ṣùgbọ́n irin ni mo fẹ́ràn jù. Sewanu, Ègùn ará Iworo tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí kò tíì di ọkọ mi nígbà náà, ló ń bá mi jó irin pọ̀. Mọ́tò wáípà ọkọ̀ tó ti kú là ń fi ṣe iṣan apá, bátìrì ni ọkàn. Agolo mílíìkì tí ìjọba ń pín fún wa lórí ìlà, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹ̀sẹ́ńkò, la fi ṣe àyà ti àkọ́kọ́, nítorí náà Ẹ̀sẹ́ńkò lorúkọ rẹ̀. Èkejì kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì, iwájú tààrà ló ń lọ. Ìyẹn là ń pè ní Tò-sí-Láìnì, bí àwọn sójà ṣe ń pàṣẹ fún èrò ní gbogbo ibùdókọ̀ nígbà náà. Wọ́n ga dé ìbàdí mi, bí wọ́n bá sì pàdé, ẹ̀ṣẹ́ ni.

Ọ̀gá Gbọ́lágadé fẹ́ ya fíìmù kan létí omi Iworo, níbi tí iwin onírin méjì ti máa jà. Ó wò mí lójú. "Sẹ̀gi, tí wọ́n bá jà, tí èèyàn sì gbà pé ìjà ni, iṣẹ́ di tìẹ. Tí wọn ò bá jà, máa lọ sílé yín, má bínú."

Sílé wo? Ilé náà ti wá bá mi. Bọ̀ọ̀dá mi Adékọ́lá, tó ń hun aṣọ òfì, dé láti Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ fíìmù, pẹ̀lú fìlà òfì tuntun lórí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó wo orí Ẹ̀sẹ́ńkò lórí tábìlì, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá ní kí n mú ẹ bọ̀ wálé. O máa bá wa ká òwú. Kí ni ká máa sọ fáwọn èèyàn? Pé ọmọ wa ń bá agolo ṣeré?"

"Ẹ wá wò ó lọ́la, Bọ̀ọ̀dá. Tí kò bá ṣeé wò, a jọ máa wọkọ̀ lọ ni."

"O ò ní yẹhùn?"

"Mi ò ní yẹhùn." Ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ ara mi. Tí mo bá fi lè padà lọ jókòó ti òwú, mi ò ní dìde níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, sójà dá ọkọ̀ wa dúró ní oríta Mowo. Ó fi ìbọn kan àpò tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní kí ló wà níbẹ̀. Ẹnu mi yìí, tí kì í gbọ́ tèmi, ló dáhùn pé, "Jagunjagun méjì." Bọ̀ọ̀dá mi káwọ́ lérí. Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé Tò-sí-Láìnì sílẹ̀, mo so wáyà mọ́ bátìrì, ó sì gba ojú ọ̀nà lọ tààrà. Sójà náà wò ó, ó wo àwọn èrò tó ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. "Ẹ ò rí èèyàn gidi?" ló wí fún wọn, ó sì ní ká máa lọ. Bọ̀ọ̀dá mi ń mirí títí a fi yà ní Aradagun, tá a sì dé Iworo.

Àwọn ará abúlé ti pé sétí omi, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ti fi ẹja sílẹ̀. Mo ti ki òwú tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì sẹ́yìn Ẹ̀sẹ́ńkò kí èéfín lè máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n kọlu ara wọn, agolo ń dún, àwọn èèyàn ń hó. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìdánwò ni. Àfi bí wáyà kan ṣe já, tó ta iná sí òwú, iná sì sọ lẹ́yìn Ẹ̀sẹ́ńkò.

Jìnnìjìnnì mú Sewanu, Ègùn ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀. "Sìn! Sìn!"

Ẹ gbọ́ o. Lẹ́nu Ègùn, omi ni sìn. Omi ni ọkùnrin náà ń bèèrè, mo sì ti sáré lọ gbé garawa. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn, ohun tí òun gbọ́ ni pé kí wọ́n sin ín. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sáàárín agbo, ó ti Ẹ̀sẹ́ńkò ṣubú, ó kúnlẹ̀, ó ń wa yanrìn lé e lórí. Nígbà tí ọwọ́ ò yá tó, ó ṣí fìlà òfì tuntun, ó fi ń bu yanrìn. Ó sin ẹsẹ̀, ó sin orí, ó wá rọra fọwọ́ gbá a lókè.

"Sùn-un re o," ló wí. "Ó dìgbóṣe."

Mo dé pẹ̀lú garawa omi, mi ò rí ibi tí mo máa dà á sí. Tò-sí-Láìnì, tí kò mọ̀ ju iwájú lọ, ti rìn tààrà wọnú omi lọ. Ó ti parí. Òwú Ìsẹ́yìn ni mo ń rí lọ́ọ̀ọ́kán, ìdì lórí ìdì, omijé sì bọ́ lójú mi.

Ni yanrìn bá mira. Sewanu ló kọ́kọ́ rí i, ó di ọwọ́ mi mú mọ́ garawa. "Má dà á."

Ìka irin kan yọ. Apá tẹ̀ lé e. Iná ti kú sínú yanrìn, ṣùgbọ́n omi ò kan wáyà, bátìrì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ká ní mo da omi yẹn sí i ni, ó ti tán nìyẹn. Ẹ̀sẹ́ńkò ti ara rẹ̀ dìde jókòó, yanrìn ń dà lára rẹ̀, èéfín ń rú lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará abúlé fẹsẹ̀ fẹ. Ọ̀gá Gbọ́lágadé, ọkùnrin pàtàkì, wà lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi, ó dojú bolẹ̀. Ẹni tó di kámẹ́rà mú nìkan ni kò yẹsẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi náà ò sá. Ó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀, fìlà lọ́wọ́, nígbà tí ọwọ́ Ẹ̀sẹ́ńkò já lé e lórí, pó. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí bàbá wa ti kú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí yanrìn.

"Sìn ni mo wí," Sewanu ń ráhùn. "Èmi ò ní kí wọ́n sin ín."

Ọ̀gá Gbọ́lágadé yọ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń gbọn yanrìn kúrò ní irùngbọ̀n. "Èyí ò sí nínú eré tí mo kọ," ló wí. "Èyí gan-an sì ni fíìmù náà. Sẹ̀gi, iṣẹ́ di tìẹ. Ẹni tó sin ín yẹn ńkọ́, ṣé ó lè máa bá wa lọ?"

Bọ̀ọ̀dá mi ní òfì ń dúró de òun nílé. Ó fi fìlà náà sílẹ̀ fún mi, òun la sì fi ń sin Ẹ̀sẹ́ńkò ní gbogbo ìlú tá a bá dé.

Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi ń lọ, mo sìn ín dé Mowo kó lè wọkọ̀. Èéfín ṣì wà lójú mi, yanrìn wà nírun mi. Ìyá àgbà kan tó wà níwájú wa lórí ìlà wò mí tìfura-tìfura, ó bi bọ̀ọ̀dá mi pé ta ni mí. Mo ti múra láti gbọ́ pé tíṣà tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ni mí.

"Àbúrò mi ni, Mà," ló wí, ó sì na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. "Irin ló ń mú jà."