Mésọ́nù Tó Ń Sáré

"Èyí tó kúrú kú lójú ẹsẹ̀, ó wá ku èkejì rẹ̀..."

Gbì! Àpò tí Ìyá Ìbejì gbé dání já bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló kú? Kẹ́hìndé, ta lo ní ó kú?"

Kẹ́hìndé yára pa fóònù tó gbé ka orí béèlì òkirikà níwájú ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti dé láti Òkè-Ìlèwó. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá náà ló wà, níwájú ilé wọn ní Ìgbẹ̀ìn, ibi tí kóòtù àti súwẹ́tà òyìnbó kún dẹ́nu ọ̀nà, àwọn aṣọ tó jẹ́ pé àwọn ọlọ́dẹ àti ọlọ́kadà ló ń rà wọ́n jù. Ibẹ̀ ló dákẹ́ jù nínú ilé, torí aṣọ ń gba ariwo mọ́ra. Fídíò ló ń ṣe. Àwọn tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ ka físíìsì sí i ní Jámánì ní kí oníkálukú fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ lọ kọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń retí rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ kò tíì gbà kó lọ. Bàbá rẹ̀ tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ní tiẹ̀ ti yọwọ́: "Ohun tí ìyá rẹ bá ti sọ ni."

"Mésọ́nù ni mo ń sọ, Mọ́mì."

"Mésọ́nù ọmọ ta ni? Ọ̀rẹ́ ẹ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ kò gba ẹ̀rín.

"Kì í ṣe ènìyàn, Mọ́mì. Nǹkan tíntìntín ni, ojú ò lè rí i. Òmíràn nínú wọn, ojú sánmọ̀ lókè lọ́hùn-ún la ti ń bí i, kì í sì í pẹ́ tó fi ń di nǹkan mìíràn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ kéọ́nù. Oríṣi méjì ni, kúkúrú àti gígùn. Nǹkan kan náà la fi mọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń lọ ní wéré, èkejì ń pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Mo wá ní bí ìbejì ni wọ́n rí. Táyé ni kúkúrú, Kẹ́hìndé ni..."

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Áà, ó ti sọ ohun tí wọn kì í sọ. Nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fi Táyé àti ikú sínú gbólóhùn kan. Táyé lọ sọ́jà ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbo ilé wí lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé láìsí i, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní girama. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá wọn fínra láti kékeré. Táyé fòní kú, kò sì fọ̀la dìde mọ́. Èyí tó kù ni ìyá wọn ń ṣọ́ látìgbà náà. Òjò kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì láàárọ̀.

"Èkejì yẹn ńkọ́?" Ohùn Ìyá Ìbejì ti wálẹ̀. "Èyí tó ń pẹ́?"

"Òun náà máa ń lọ, Mọ́mì. Kò sí mésọ́nù tí kì í lọ."

"O ò rí i! Ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́. Ìwọ yìí lo wá fẹ́ lọ jókòó sáàárín yìnyín! Tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, ta ni yóò fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀? Mi ò gbà. Mo ní mi ò gbà! Ṣé kí n tún máa sọ fáyé pé Kẹ́hìndé náà lọ sọ́jà ni?"

Inú bí Kẹ́hìndé, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Ọjà wo, Mọ́mì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà, ọjà wo ni kì í tú? Táyé kú! Ọwọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tó ń kú. Gbogbo yín ní ó lọ sọ́jà, ó wá ku èmi nìkan tí mò ń dá ṣọ̀fọ̀ ẹ̀."

Ìyá Ìbejì wá ibì kan jókòó. Orí béèlì ló fìdí lé. Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dúró. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ n parí ohun tí mo ń sọ, ẹ ò jẹ́ n débẹ̀. Mésọ́nù tó bá dúró sójú kan, kíá ló ń lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń sáré, tó ń sáré bíi pé kó bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, ó máa ń pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni."

"Eré ló ń jẹ́ kó pẹ́?"

"Lójú ẹni tó ń wò ó ni o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní ti òun fúnra ẹ̀, iye ìgbà tiẹ̀ náà ló lò. Ẹni tó dúró tó ń wò ó ló ń rí i pẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi kì í ṣe mésọ́nù. Mo mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi. Mo ti bá dókítà kan ní Jámánì lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀, màá lo oògùn mi, màá wọṣọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sílé kí n máa retí ọjọ́ tó máa dé. Màá lọ, Mọ́mì. Àdúrà yín ni mo fẹ́ gbà lọ."

Ọ̀kadà kan kọjá níta. Ìyá Ìbejì ń fi ọwọ́ na apá súwẹ́tà kan, ó nà án títí.

"Ẹni tó ń wò ó," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi nìyẹn."

Ó dìde, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ béèlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fa àpò ọ̀rá kan yọ. Kóòtù dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ó nípọn bíi tìmùtìmù, ó ní fìlà lẹ́yìn.

"Ọlọ́dẹ tó ti bẹ̀ mí pé kí n ta eléyìí kì í ṣe ọ̀kan. Mi ò tà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè ọ́ sí Jámánì ló ti wà níbẹ̀. Wọ̀ ọ́."

Oòrùn ọ̀sán ń mú gan-an. Ìyá rẹ̀ fa síìpù náà dé àgbọ̀n fún un, òógùn sì bo Kẹ́hìndé.

"Gbé fóònù yẹn. Tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kó o sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Kí n ní ó lọ sọ́jà?"

Ìyá Ìbejì mi orí.

"Táyé kú," ó wí, omi sì dà lójú rẹ̀. "Ó kú, Kẹ́hìndé. Ìwọ, máa sáré lọ. Kí n lè rí ọ pẹ́."