Panápaná Ilé Wa

Èmi ni mo sọ ìyá mi ní Panápaná, kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀yẹ. Láti ìgbà tí owó iná ti fò sókè, màámi ti gba ipò tí ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n sí. Bí o bá dìde lọ bu omi mu, kí o tó padà, wọ́n ti pa gílóòbù yàrá. Bí o bá ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n á ní ọwọ́ kì í ṣìnà ẹnu, wọ́n á sì pa iná mọ́ ẹ lórí. Wọ́n yọ fíríìjì kúrò lára iná, wọ́n ká aṣọ sínú rẹ̀, wọ́n ní ó ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Mítà wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní iná pupa bíńtín kan tó ń ṣẹ́jú bí a bá ti ń lo iná. Bó bá ti ń ṣẹ́jú kíákíá, màámi á dìde, wọ́n á máa wá ọ̀daràn káàkiri ilé. Wọ́n tilẹ̀ ti bi mí rí bóyá iná pupa yẹn fúnra rẹ̀ kì í jẹ yúníìtì iná tí a rà.

Mi ò lè bá wọn jà, nítorí òótọ́ ni nǹkan le. Epo bẹntiró wọ́n, gáàsì wọ́n, iná sì wà ṣùgbọ́n ẹni tó máa rà á ló ń wá owó. Ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà mi, ayùn oníná ti di ohun ọ̀ṣọ́. Ayùn ọwọ́ ni mo fi ń la pákó, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, apá mi a máa bá mi wí. Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú ilé wa tí iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú. Nǹkan náà ni àpótí ìyàwó mi.

Èmi ni mo kan àpótí yẹn. Mo tẹ́ fóòmù sí inú rẹ̀, mo fi gíláàsì sí ojú rẹ̀, mo lu ihò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo sì so gílóòbù méjì tó ń gbóná mọ́ òkè inú rẹ̀. Ẹyin adìẹ ló ń wà nínú rẹ̀. Ooru gílóòbù yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí àgbébọ̀ ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, títí òròmọdìẹ á fi já èèpo. Ìyàwó mi a sì kó wọn fún àwọn tó ń sin adìẹ. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ti ń ṣe akọ̀wé ti ilẹ̀kùn nítorí owó iná, àpótí yìí nìkan ló kù tó lè tọ́ka sí pé iṣẹ́ òun nìyí.

Àwọn ẹyin tó kó síbẹ̀ ṣáájú ti bàjẹ́. Yúníìtì ló tán nínú mítà lọ́jọ́ tí kò sí owó lọ́wọ́ èmi àti òun, àpótí tutù, gbogbo ẹyin náà sì ṣòfò. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Mo ní bí kò bá tún bọ́ sí i, màá yọ wáyà àpótí náà, màá sì fi pákó rẹ̀ kan àga. Ó wò mí títí. "Ó dáa," ló wí, "ẹ̀ẹ̀kan yìí náà."

Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbà láti máa táràrà nínú òkùnkùn nítorí gílóòbù méjì. Súwíìṣì àpótí wà lára ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òun àti súwíìṣì yàrá fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Pákó ni mo mọ̀, mi ò mọ iná. Ibi tí wáyà gùn dé ni mo kàn án mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, màámi ṣèèṣì pa á. A tètè rí i, kò sì sí ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo jágbe mọ́ wọn.

"Màámi, súwíìṣì yìí, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ilé ń jó, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí.

Ìyàwó mi ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ní mo gbọ́, ìyàwó. Ọwọ́ mi ò ní kàn án mọ́ láéláé."

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Èmi a máa rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi kì í rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, gbogbo wa la ti di ọmọọṣẹ́ Panápaná. Kò sí ẹni tó ń jáde nínú yàrá tí ọwọ́ rẹ̀ kì í lọ sára ògiri, ojú á ti wà níta, ọwọ́ á ṣì máa pa iná lẹ́yìn.

Nígbà tí ẹyin ku ọjọ́ kan kó pa, ìyàwó mi jí mi láàárọ̀. Ó gbé ẹyin kan lé mi létí, mo sì gbọ́ ọ: kò, kò, kò, ọmọ ń kan èèpo láti inú. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní òun máa sáré lọ sọ fún oníbàárà òun kó máa múra sílẹ̀, òun á sì ra oúnjẹ òròmọdìẹ bọ̀. Mo fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń wá bàtà, mo gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sán, mo padà wálé wá mú ìfági kan tí mo gbàgbé. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Àpótí kò tàn. Aṣọ ló bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo aṣọ tí màámi ní láyé, ìró lórí ìró, títí kan kúbùsù wọn. Màámi fúnra wọn jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àpótí. Mo wo ògiri. Súwíìṣì ti wà ní pípa.

Mo tẹ̀ ẹ́, iná sì dé.

"Ta ló pa iná yìí?"

Wọ́n gbójú sókè. Ojú wọn pọ́n.

"Màámi, mo ní ta ló pa á?"

"Ṣé o ti tan án? Jẹ́ kó gbóná ná."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí, "èmi nìkan ni mo wà nílé."

Inú bí mi. Mo ní owó iná ti jẹ wọ́n lọ́pọlọ. Mo ní nítorí yúníìtì mélòó kan, wọ́n ti pa iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, kò sì dá mi dúró. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn rọra ń tẹ aṣọ náà mọ́ ara àpótí.

Bí mo ṣe ń pariwo lọ́wọ́ ni ìyàwó mi wọlé pẹ̀lú àpò oúnjẹ òròmọdìẹ lórí. Ó wo ojú mi, ó wo aṣọ. Kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó ju àpò sílẹ̀, ó fa aṣọ náà kúrò, ó sì ti ọwọ́ bọ inú àpótí. 

"Kò gbóná," ó ní. "Kò tíì tutù tán, ṣùgbọ́n kò gbóná."

Ó yíjú sí màámi. Ìyàwó mi kì í gbóhùn sókè sí àgbà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣèlérí fún mi! Ẹ pa á, ẹ tún wá fi aṣọ bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i! Kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí èyí bá bàjẹ́, ó tán fún mi nìyẹn!"

Ó gbá àwọn aṣọ náà jù sílẹ̀. Màámi wo ojú rẹ̀, wọ́n wá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n wò ó pẹ́. 

"Ẹ̀bi mi ni, ìyàwó," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Bínú sí mi tó bó ṣe wù ẹ́. Ṣùgbọ́n tọ́jú ẹyin ẹ ná."

Wọ́n ṣa aṣọ wọn, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò sì jáde wá jẹun.

Mi ò rí irú iṣẹ́ tí ìyàwó mi ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn rí. Ó gbé abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àpótí kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà gbẹ. Ó ń gbé ẹyin létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Àwọn kan ti dákẹ́. Èyí tó ti lu èèpo, tí awọ inú rẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọmọ lára, ó ń fi aṣọ tútù rin ín, ó ń ṣí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú èékánná. Bó bá ya awọ yẹn jù, ẹ̀jẹ̀ á dà, ọmọ á kú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ìbínú ló gbé e ró, mo rí i kedere, òun náà ló sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í dún pí, pí, pí. Yúníìtì ń lọ sópin. Ìyàwó mi ò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ le. Mo mú owó tí mo fẹ́ fi ra pákó, mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta yúníìtì, mo bẹ̀ ẹ́ kó má tíì tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà náà sínú mítà tán, tí ariwo yẹn dákẹ́, mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀kan kọ́kọ́ yọrí, ó tutù, ó burẹ́wà, ó dùbúlẹ̀ bí ọ̀mùtípara. Òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tí oòrùn yọ, àpótí ti kún fún ariwo. Àwọn díẹ̀ kò jáde, ṣùgbọ́n èyí tó jáde pọ̀ ju èyí tó kú lọ dáadáa. Ìyàwó mi sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Màámi yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ní, "A kú oríire o."

"Ẹ ṣé, mà," ni ìyàwó mi dáhùn. Kò wo ibi tí wọ́n wà.

Wọ́n lọ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń rán ìró kan tó ya nígbà tí a fà á lánàá. Èmi lóṣòó síwájú gíláàsì, mò ń wo àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń gun orí ara wọn lábẹ́ iná. Ìyàwó mi fi ìdùnnú kó ara rẹ̀ jọ, ó fẹ́ sáré lọ pe oníbàárà rẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún.

Iná àpótí kú.

"Màámi!" Mo ti ké kí n tó yíjú.

Màámi wà lórí àga wọn. Abẹ́rẹ́ wà ní ọwọ́ kan, ìró wà ní ìkejì. Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ti gbé ẹsẹ̀ kan síta, ojú rẹ̀ wà ní títì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ó ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá súwíìṣì méjèèjì.

 Àwọn òròmọdìẹ ń ké nínú àpótí. Ìyàwó mi rọra yíjú padà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó fẹ́ tan iná, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ̀ ẹ́, àfi ìgbà tó tún un tẹ̀ ni iná méjèèjì tó dé.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Ti àná náà... ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ."

"Ẹ rí mi, ẹ ò pè mí?"

"Mo rò pé o mọ ìdí tó o fi pa á ni. Ìwọ lo ni iṣẹ́." Wọ́n fa okùn abẹ́rẹ́ jáde. "Ìgbà tí mo fọwọ́ kan gíláàsì tí mo rí i pé ó ti ń tutù, o ti lọ jìnnà, fóònù mi sì ti kú. Mo dìde pé kí n tan án. Mo wá rántí pé mo ti ṣèlérí. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan súwíìṣì, ẹ ò ní kí n má fọwọ́ kan aṣọ mi."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé àwọn ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, kò sí aṣọ lórí ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n yọ gbogbo wọn sílẹ̀ kí ẹyin lè mí. Ojú tì mí, bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó wọ̀ ọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ ká bú yín?" Ìyàwó mi ti ń sunkún. "Ẹ ì bá ti sọ pé èmi ni!"

"Kí n sọ ọ́ lánàá?" Màámi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n mú. "Wo bó ṣe ń gbọ̀n báyìí. Ṣé èyí lò bá fi yọ ọmọ nínú èèpo? Ọwọ́ ẹ la nílò, ìyàwó. Èmi, mo ti dàgbà, èébú kì í lẹ̀ mọ́ mi lára."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó gbé orí lé wọn nítan. Èmi dúró láàárín yàrá. Mo ní, "Màámi, ẹ dárí jì mí."

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Wá pákó, kó o kan ilé bo súwíìṣì yẹn. Ìwọ náà, ìyàwó, dìde, oníbàárà ẹ ń dúró."

Wọ́n wo òkè, oòrùn ti kún inú yàrá. Wọ́n dìde, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn kọjá níwájú àpótí bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n na ìka kan péré sí ògiri, wọ́n sì pa gílóòbù yàrá.